Ta ló ti dé adágún Télé ní Kóńgò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adé_Alárìnkiri:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí adágún Télé yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn, èyí tó wà nínú igbó Kóńgò Brazzaville lápá àríwá (kì í ṣe ti Kinshasa o). Mo rí fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n yà látòkè, omi róbótó bí ẹnu ìkòkò, igbó yí i ká tán, kò sí títì kankan. Mo ní lífù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní January, mo ti ra téǹtì, mo ti ra bàtà òjò, owó bàálù ni mo ń wò báyìí. Ṣé mo lè kàn balẹ̀ sí Brazza kí n máa wọkọ̀ lọ fúnra mi ni àbí dandan ni kí n ní ẹni tó máa mú mi lọ? Mokele-mbembe, ẹranko ńlá tí wọ́n ń pariwo pé ó ń gbé inú omi yẹn ńkọ́, ṣé ẹnì kankan ti rí i lóòótọ́? Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o.

Bọ̀dá_Brazza:
Àbúrò, ọ̀rọ̀ téǹtì kọ́. Omi yẹn ní olóhun. Àwọn ará abúlé Boha ló ni ín, bí wọn ò bá sì gbà, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ débẹ̀. Mo gbé Brazza fọ́dún mẹ́fà, aṣọ ni mò ń tà, lọ́dún kan èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ní a máa lọ. A wọ bàálù dé Impfondo létí odò Ubangi (ọkọ̀ ojú omi náà ń lọ o, àmọ́ o lè lo ọ̀sẹ̀ kan lórí omi, èèyàn, ẹrù, ewúrẹ́, gbogbo ẹ̀ lórí ara wọn), a gba ilẹ̀ dé Epena, a wá wọ ọkọ̀ igi, wọ́n ń tù wá lọ lórí odò Likouala-aux-Herbes títí a fi dé Boha. Ẹni tá a sanwó fún ní Brazza ti ní òun ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Àwọn àgbà ní àwọn ò gbọ́ orúkọ wa rí. Wọn ò bínú, wọ́n tiẹ̀ fún wa lẹ́ja jẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde. Ọjọ́ kẹta la padà, mi ò sì fojú kan adágún náà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò dá wọn lẹ́bi ṣá, ṣé ẹnì kan á kàn ti ibì kan wá lọ ta téǹtì sínú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo láìrí Àtáọ́ja ni?

Kúnlé_Ewéko:
Òótọ́ lẹ sọ bọ̀dá. Kódà ìjọba tó dáàbò bo igbó yẹn lọ́dún 2001 ò lé àwọn ará abúlé kúrò, inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé tí wọ́n ti ń pẹja, igbó náà sì ju 4,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Adé, January dáa torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, lásìkò òjò gbogbo ibẹ̀ á kún. Àmọ́ má rò pé ilẹ̀ gidi lo máa tẹ̀. Irà ni. Ewé àti igi tó ti ń wó láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, omi ò jẹ́ kí wọ́n jẹrà tán, wọ́n kàn ń ṣù lórí ara wọn ni. Lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé irà irú ẹ̀ tó wà láàárín àwọn Kóńgò méjèèjì tó 145,500 kìlómítà níbùú lóròó, káábọ̀n inú ẹ̀ sì tó 30 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nítorí náà má kàn dáná níbi tó bá wù ẹ́ o, ilẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ máa ń jó tó bá gbẹ.

Ìyá_Tọ́mi:
Kóńgò ò sí nínú ECOWAS o, wá físà, kó o sì mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Oògùn ibà àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Jẹ ẹja, fi ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ìnàkí pọ̀ nínú igbó yẹn mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé o tọ́ ọ wò 😂. Ní ti Mokele-mbembe, lọ́dún 1983 ọmọ Kóńgò kan tó mọ̀ nípa ẹranko, Marcellin Agnagna, ní òun rí i nínú adágún náà, ó tún ní kámẹ́rà lọ́wọ́, àmọ́ fíìmù ò gbé nǹkan gidi kan jáde. Òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Roy Mackal lọ wá a lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà yẹn, kò tiẹ̀ dé adágún ọ̀hún. Ìwọ náà fọkàn sí ẹyẹ jàre.

Adé_Alárìnkiri:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dá owó bàálù dúró ná. Bọ̀dá, kí ni mo lè mú dání fáwọn àgbà Boha?

Bọ̀dá_Brazza:
Má rà nǹkan kan síbẹ̀. Wá ẹni tó gbọ́ Lìǹgálà dáadáa ní Epena, kó lọ bi wọ́n kó tó di pé ìwọ débẹ̀, ohun tí wọ́n bá ní kó o mú wá ni kó o mú wá. Bàtà òjò tó o rà yẹn, ibo ló ga dé?

Adé_Alárìnkiri:
Orúnkún.

Bọ̀dá_Brazza:
Dá a padà fún ẹni tó tà á. Omi ọ̀nà ibẹ̀ ń mu èèyàn dé itan, ṣe lo máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì pọnmi rìn. Ra bàtà kánfáàsì.