Oko kókó tí bàbá àgbà wa dá láyé òyìnbó: èèló ni n ó fi tún un bẹ̀rẹ̀?

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ló dùn mí dé egungun ni mo ṣe gbé e wá. Bàbá tó bí bàbá mi dá oko kókó láyé òyìnbó, lápá Òlódé nílẹ̀ Ifẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Oko yẹn ni wọ́n fi kọ́lé onípáànù, òun náà ni wọ́n fi rán bàbá mi níwèé. Bàbá mi ò fọwọ́ kan àdá rí, tísà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Látìgbà tí bàbá àgbà ti kú, àbúrò bàbá mi tá a ń pè ní Bàbá Kékeré ló dá jókòó ti oko. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fojú mi rí. Ìyàwó wọn kú, mo ra màlúù. Èmi nìkan ni mo ra màlúù o! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí tó wà ní Kánádà, ìpè orí fóònù ni tiwọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní ẹ jẹ́ n dé oko. Wọ́n ní kí n má lọ, pé ejò ń bẹ níbẹ̀. Ejò wo? Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ àbúrò ìyàwó wọn gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ọkọ̀ jáde látinú oko kan náà. Ejò ò bu òun jẹ. Àbúrò mi obìnrin tún ń bá wọn dá sí i, ó ní mo fẹ́ràn owó.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá. Mo ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà nílẹ̀. Mo rí ìwé kékeré kan nínú àpótí bàbá mi, akọ̀wé kan ló bá bàbá àgbà kọ ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ná láti fi bẹ̀rẹ̀ kò pé pọ́n-ùn 12: àdá, ọkọ́, iyọ̀, owó àwọn tó ṣán igbó, àti ìlà kan tó kà pé "Òjó £5". Nígbà tó fi máa di ìkórè 1951, tọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n tà, wọ́n gba £340. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀! Èèló ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ lónìí tí irú èrè yẹn yóò fi wọlé?

Ìyá Ìbejì Ìkirè:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Àmọ́ ẹ sọ ti màlúù, ẹ sọ ti ejò, ẹ ò sọ bí oko ṣe tóbi tó. Èékà mélòó ni? Ṣé kókó ṣì ń so níbẹ̀ àbí igbó ti bò ó?

Bàbá Àdùkẹ́:
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ẹ̀gbọ́n mi l'Óndó. Ó fi owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ra oko kókó, kò sùn níbẹ̀ rí, Èkó ló ń gbé. Ẹni tó ń bá a tọ́jú oko ní kí wọ́n jọ pín in sí mẹ́ta, ìdá méjì fún olóko. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó gba àpò mẹ́rin. Lọ́dún kejì wọ́n ní òjò pọ̀ jù, kókó dúdú tán lórí igi. Lọ́dún kẹta wọ́n ní ọ̀dá ni. Ìgbà tó máa fi dé ibẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, olùtọ́jú oko ti fi páànù tuntun bo ilé lábúlé tirẹ̀. Ẹni tí kò ní gbé inú oko, kó má dá kókó.

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Èékà mẹ́fà ni, ẹ̀yin ìyá wa. Kókó wà níbẹ̀, ó ti dàgbà díẹ̀. Bàbá Àdùkẹ́, èmi yóò máa lọ wò ó lóṣooṣù, ẹ má fi mí wé ẹ̀gbọ́n yín.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Ìdànrè:
"Ó ti dàgbà díẹ̀" kẹ̀? Kókó tó ti ń so tọ́ọ̀nù méjì ní 1951, bó bá jẹ́ pé igi yẹn náà ló wà níbẹ̀, ó ju ẹni aadọ́rin ọdún lọ. Àfòmọ́ á ti gun orí rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bó ṣe rí. Èékà mẹ́fà kò pé héktà méjì àbọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, ìdí 1,111 ló ń wọ héktà kan, nǹkan bí 2,700 nìyẹn. Bó bá so kìlò 400 lórí héktà, èyí tí ọ̀pọ̀ oko wa kì í kọjá, àpò kókó 15 lẹ ó rí lọ́dún. Oko tí wọ́n bá ń gé lórí, tí wọ́n ń fín lóògùn lákòókò òjò, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ so ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ńkọ́? Owó alágbàṣe ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, owó alágbàṣe ló ń jẹ apá tó pọ̀ jù nínú ìnáwó.

Owó kókó tó sì ń dá yín lọ́rùn yìí, ẹ rọra. December 2024 ló ju dọ́là 12,000 lọ lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Ní 2025 ó já. Àwọn tó gbin kókó torí iye ti 2024, ọjà mìíràn ni wọ́n máa bá nígbà tí tiwọn bá so.

Ẹ má wulẹ̀ tu gbogbo rẹ̀. Ẹ lè gé igi àtijọ́ lulẹ̀ kù díẹ̀ sí ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó rú, kí ẹ mú ẹ̀ka kan tó dára sílẹ̀. Kò ná yín tó títún gbìn. Ibi tó bá ṣófo, ẹ ra irúgbìn lọ́dọ̀ àwọn CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kókó, n'Ídì-Ayunrẹ, tiwọn máa ń tètè so, láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ọmọ Tísà:
£340 yẹn òótọ́ ni. £170 ni bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kókó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń san lórí tọ́ọ̀nù kan kókó onípò kìíní ní 1951/52. Ohun tí bọ́ọ̀dù ń rí lọ́jà òkè òkun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́jú ìyókù. Owó àgbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ohun tí àwọn èèyàn ń yìn ìjọba ìgbà náà fún.

Bọ̀dé Mọ́kọ́lá:
Tí wọn ò bá tọ́jú ìyókù, ta ni ì bá san ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955? Ìwọ tó ń kọ ìwé sí wa yìí, níbo lo ti kọ́ ọ?

Ọmọ Tísà:
Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà fi gbé ìbọn ní 1968? Òkè mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn máa san, ìyẹn ṣílè 30, torí owó orí ti wúwo jù fún wọn.

Alábòójútó:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi ti bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ò tíì rí ìdáhùn.

Alàgbà Òkè-Igbó:
Dáyọ̀, mo kí ọ. Mo bá bàbá mi lọ́ko kókó kí n tó mọ ABD. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ ò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n san owó fún nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹgàn ni wọ́n ṣán nígbà yẹn, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dáko lé rí. Wọn ò ra ajílẹ̀. Èso kókó gan-an, ọ̀pọ̀ ni kò rà á: Àgége ló ti wá, lóko àwọn J. K. Coker. Àwọn tó lọ ṣe lébìrà níbẹ̀ ló ń gbé èso bọ̀ wálé. Láàárín ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń retí kó so, iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn sáàárín rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ àti àwọn ọmọ yóò máa jẹ l'Áyọ̀bọ̀?

Ó tún ku àwọn tó ṣiṣẹ́. Ìyàwó mélòó ni bàbá àgbà ní? Àwọn ló ń kó kókó jọ, àwọn ló ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà, àwọn ló ń sá a, tí òjò bá ṣú lóru àwọn ló ń sáré kó o. Orúkọ wọn ò lè sí nínú ìwé náà, ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún wọn. Òjó tó ní £5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ yẹn, kì í ṣe owó iṣẹ́ ni. Ó jọ pé ìwọ̀fà ni. Bàbá àgbà yá àwọn ẹbí Òjó ní pọ́n-ùn márùn-ún, Òjó wá ń fi iṣẹ́ oko san èlé, owó ṣì wà lọ́rùn wọn bó ṣe wà. Ọdún mélòó ni Òjó fi ṣán oko yẹn? Ìwọ kọ ọ́ sí pọ́n-ùn márùn-ún.

1951 nìkan lo sì mú. Ní 1937 owó kókó já débi pé àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, Gánà òde òní, kọ̀, wọn ò tà. Wo ìwé náà bóyá ọdún yẹn wà níbẹ̀.

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Ẹ ṣeun bàbá. Ìyàwó mẹ́rin. Ìwé náà kò ní 1937, ojú ewé kan ti ya.

Ìyá Ìbejì Ìkirè:
Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yín, oko wà nílẹ̀ Ifẹ̀. Ta ló ni ilẹ̀?

Bàbá Àdùkẹ́:
Mo ti sọ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ní gbé inú oko kó má dá kókó.

Bọ̀dé Mọ́kọ́lá:
Ẹ lọ bẹ Bàbá Kékeré. Àgbà ni wọ́n.

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Bẹ̀ wọ́n torí kí ni? Ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi òógùn ojú ṣán, ta tún ni yóò ni ín? Àwọn kan wà n'Ífẹ̀ tí Bàbá Kékeré máa ń gbé nǹkan lọ fún lọ́dọọdún, kókó ni tẹ́lẹ̀, ó ti di owó báyìí. Ẹ̀bùn lásán ni, wọ́n fi ń ṣe ọ̀yàyà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí sáféyọ̀ wọn ilẹ̀ náà lórúkọ mi kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ mi jẹ. Ẹnì kan tó fẹ́ dá oko ẹ̀gẹ́ ti san àsansílẹ̀ lórí èékà méjì. Òun ni mílíọ̀nù mẹ́ta tí mo sọ yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkirè:
Yéè!

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Ìdànrè:
Ẹ̀gbọ́n, ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn, ohun tí àlejò ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè, ẹ gbé e tì ná.

Ọmọ Tísà:
Òfin ilẹ̀ 1978 ti gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Kí ni wọ́n tún ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún? Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló dá ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́...

Alábòójútó:
A ò fẹ́ èyí níbí o. Mo máa pa á rẹ́ tó bá tún wáyé.

Alàgbà Òkè-Igbó:
Òfin 1978 ò lé onílẹ̀ kúrò lórí àlejò rẹ̀. Wọ́n gbé e dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì dá a bẹ́ẹ̀ ní 1991. Dáyọ̀, àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè jókòó sórí ilẹ̀ náà tọmọtọmọ, bàbá mi bá wọn jókòó bẹ́ẹ̀. Igi kókó jẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń mú kí onílẹ̀ lè pe àlejò lẹ́jọ́ pé kó kúrò ni kó sọ pé òun ló ni ilẹ̀, tàbí kó tà á lẹ́yìn onílẹ̀. Ìwọ ti ṣe méjèèjì. Bàbá Kékeré tó ò ń pè ní ọ̀tá yẹn, owó tí wọ́n ń gbé lọ lọ́dọọdún ni ò jẹ́ kí oko bọ́ lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ yìí wá.

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Wọn ò sọ fún mi. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé èmi ló yẹ kẹ́ ẹ máa bá wí?

Ìyá Ìbejì Ìkirè:
Dá owó olóko ẹ̀gẹ́ padà, lónìí.

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Mílíọ̀nù kan ti wọ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Bàbá Àdùkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi náà...

Alàgbà Òkè-Igbó:
Dá méjì tó kù padà, kí o bẹ̀ ẹ́ fún ìyókù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Kó tó tu ìdí kókó kan níbẹ̀ ni kí o ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ bá Bàbá Kékeré, òfìfo lọ́wọ́, láìmú ìwé sáféyọ̀ dání. Ní kí wọ́n mú ọ lọ mọ onílẹ̀. Ẹ gbé ọtí àti obì lọ fún onílẹ̀. Béèrè ìwé gbà-mo-san ìṣákọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o ya fọ́tò rẹ̀, òun ni ẹ̀rí tí ìdílé yín ní. Tí wọ́n bá gbà pé kí o bá wọn ṣe oko, gé igi èékà kan lulẹ̀ bí Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ ṣe sọ ọ́, kí o wo bó ṣe máa rú kí o tó ná owó mìíràn.

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Èékà kan ṣoṣo? Kí ni n ó rí nínú ìyẹn?

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Ìdànrè:
Àpò méjì àbọ̀, tó bá ti rú tó ti so. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ yẹn ń gbé kún ọkọ̀, ẹ má fojú di í. Ẹ jẹ́ n bi yín, òpó tí sáféyọ̀ rì mọ́ ààlà, ṣé ó wà níbẹ̀?

Dáyọ̀ Ayọ̀bọ̀:
Ó wà níbẹ̀. Mẹ́rin. Bàbá Kékeré ò tíì rí i, ọ̀nà odò ni.

Alàgbà Òkè-Igbó:
Yọ ọ́ lọ́la.