Ta ni ó wọ Bàbá Kérésì ní aṣọ pupa?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọyẹ́ o. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ kí Bàbá Kérésì nílùú wa. Nígbà tí ó kàn án láti gba ẹ̀bùn, ó tẹjú mọ́ irùngbọ̀n òwú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n bàbá náà, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ń ṣí, òógùn sì ti mú kí ọrùn aṣọ pupa náà rin gbindin. Kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí a délé ni ó tó bi mí pé ta ni Bàbá Kérésì gan-an, kí ló sì dé tí aṣọ rẹ̀ fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa sọ pé ilé iṣẹ́ Coca-Cola ni ó dá a sílẹ̀ láti fi polówó ọjà, ó sì fi kún un pé ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá kò sí nínú Bíbélì. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni òótọ́ níbẹ̀?

Olùkọ́ Ìgbàjà:
Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó dá ọmọ lóhùn. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kọ́ ni ó dá Bàbá Kérésì sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Nicholas ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní sẹ́ńtúrì kẹrin. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tí ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta, tí kò sì lówó tí yóò fi fà wọ́n fún ọkọ, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn, ilé ìyàwó ni ó ń kó ẹrù fún ilé ọkọ, kì í ṣe bíi tiwa. Nicholas wá lóru, ó ju àpò wúrà gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òru ni Bàbá Kérésì ń rìn títí dòní. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ni àjọ̀dún tirẹ̀ gan-an. Sinterklaas ni àwọn ará Họ́láńdì ń pè é. Àwọn tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà nínú wọn gbé orúkọ náà dání, ẹnu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì yí i padà di Santa Claus.

Ní ti aṣọ pupa, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Thomas Nast bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sínú ìwé ìròyìn Harper's Weekly ní 1863, èyí tí ó sì lókìkí jù nínú àwòrán rẹ̀, ti ọdún 1881, fi í hàn ní arúgbó sísanra tí ó wọ pupa, tí ó kó ohun ìṣeré ọmọdé mọ́ra. Ọdún 1931 ni Coca-Cola tó gba Haddon Sundblom láti yà á fún wọn, àádọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn náà. Ohun tí ó jẹ́ tiwọn ni pé àwòrán wọn tàn ká ayé débi pé àwọn aṣọ yòókù tí wọ́n ti máa ń yà sí i lọ́rùn, títí kan aláwọ̀ ewé, di ohun ìgbàgbé. Aṣọ náà nípọn nítorí pé ilẹ̀ oníyìnyín ni wọ́n ti yà á. Ọyẹ́ tiwa kò béèrè aṣọ onírun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Alfa, Ìlọrin:
Mùsùlùmí ni mí, a kì í ṣe ọdún Kérésì nílé wa, ṣùgbọ́n abọ́ ìrẹsì tí àwọn aládùúgbò wa bá gbé wá lọ́jọ́ náà, ẹran Iléyá ni a fi ń dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan lórí ọjọ́ ìbí Ànábì Ísà, ìyẹn Jésù. Súúrà Mariyama, tí í ṣe ìkọkàndínlógún nínú Al-Kùránì, sọ pé ìrọbí lé Mariyama dé ìdí igi dàbínù, a sì sọ fún un pé kí ó mi igi náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí dàbínù tútù tí ó ti pọ́n lè já bọ́ fún un. Dàbínù kì í pọ́n lórí igi nínú òtútù oṣù Kejìlá ní ilẹ̀ yẹn. Ìgbà ooru ni. Àwọn kan dì mọ́ èyí pé ìgbà ooru ni a bí Ànábì Ísà. Èmi gbà pé iṣẹ́ ìyanu ni, mi ò sì rò pé torí àtika oṣù ni a ṣe sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá Àgbà Ọ̀fà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ ni pé Bíbélì kò dárúkọ ọjọ́. Luku sọ ti àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí wọ́n wà ní pápá lóru, ó dákẹ́ lórí oṣù. Inú ìwé kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní ọdún 354 ni a ti rí ọjọ́ 25 yìí. Àwọn ará Etiópíà ń ṣe tiwọn ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní, nítorí pé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni ìjọ wọn ń tẹ̀ lé. Àwọn onígbàgbọ́ kan tilẹ̀ kórìíra ọdún náà: ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1659 ní kí ẹni tí ó bá ṣe é san ṣílè márùn-ún, òfin náà sì wà títí di 1681. Èmi tí mo fi ṣílè nájà rí mọ̀ pé owó gidi ni ṣílè márùn-ún.

Ẹ má sì gbàgbé ilé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1842, Thomas Birch Freeman, ajíyìnrere tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti Abẹ́òkúta padà dé Àgbádárìgì, ó bá ajíyìnrere ẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend, níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésì. Ó ku nǹkan bí ogún ọdún kí Nast tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Bàbá Kérésì.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní bí Nicholas kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, báwo ni àwọn ènìyàn ṣe wá mọ̀ pé òun ni? Olùkọ́, ẹ gbà mí.

Olùkọ́ Ìgbàjà:
Ẹ sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wá, torí ọmọ mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bàbá àwọn ọmọ náà kò sùn, ó sá jáde, ó sì lé e bá. Nicholas bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò lè pa á mọ́ra.