Kòkòrò ti wọ ẹ̀wà tí mo rà pa mọ́, mi ò sì fẹ́ fi oògùn sí i: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mo gbé wá. Èmi àti ìyá kan ládùúgbò wa dá owó jọ, a ra àpò ẹ̀wà olóyin kan ní Bódìjà lásìkò tí ẹ̀wà tuntun ń wọ ọjà, torí gbogbo wa la mọ̀ pé tó bá fi máa di ìgbà òjò, owó rẹ̀ á ti gbẹ́nu sókè. A pín in sí méjì. Mo tú tèmi lánàá láti bu kóńgò kan fún mọ́ínmọ́ín, ni mo bá rí kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń rìn lẹ́nu àpò. Mo da díẹ̀ sórí atẹ. Àwọn kan ti lu, ìyẹ̀fun sì wà nísàlẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ṣì dára lójú.

Ìyá tí a jọ rà á ní kí n ra oògùn olómi, kí n rẹ òwú sínú rẹ̀, kí n sọ ọ́ sáàárín àpò, pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń tà á ń ṣe. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ẹ̀wà yìí làwọn ọmọ mi ń jẹ lọ síléèwé, àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ wa sì lóyún. Kí ni mo lè ṣe sí i báyìí? Ṣé èyí tó ti lu ṣeé jẹ? Báwo ni màá ṣe tọ́jú ìyókù tí kò fi ní jẹ mọ́? Mi ò ní firíisà, iná àdúgbò wa náà ò sì ṣeé gbára lé.

Alákàrà Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má bara jẹ́, ẹ̀wà yẹn ò tíì bọ́. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé lónìí yìí, kó má sún mọ́ ẹ̀wà mìíràn, torí kòkòrò yẹn ń fò. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sẹ́ ẹ, kí gbogbo ìyẹ̀fun àti èyí tó ń rìn kúrò níbẹ̀.

Èyí tó lu ńkọ́? Tí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan lára ẹ̀wà, ẹ ṣì lè sè é. Tó bá ti di méjì mẹ́ta, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá da omi sí i, òfìfo á léfòó, ẹ gbọ́n ọn dànù. Èmi kì í fi ẹ̀wà tó ti lu púpọ̀ lọ àkàrà, torí kì í ru, ó sì máa ń korò lẹ́nu. Èyí tó bá ti bu, tó ń rùn, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún adìyẹ.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn

Ohun tí Alákàrà sọ dára, àmọ́ asẹ́ nìkan ò lè parí iṣẹ́ yìí. Kòkòrò tí ẹ rí tó ń rìn yẹn kì í jẹ ẹ̀wà, ẹyin ló wá yé. Ẹ mú ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí àmì funfun tín-ń-tín tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀. Ẹyin nìyẹn. Abo kan lè yé tó ọgọ́rùn-ún. Ìdin tó bá pa nínú ẹyin á lu ẹ̀wà wọlé, inú lọ́hùn-ún ni yóò ti máa jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí yóò fi di kòkòrò tó máa lu ihò roboto jáde. Nínú ooru wa níbí, gbogbo rẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Láti oko ni wọ́n ti ń yé e sára pódi ẹ̀wà, ìdí nìyẹn tí àpò tó mọ́ tónítóní lọ́jà fi lè di eléyìí nílé. Kì í ṣe dandan pé ẹni tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ pa èyí tó wà nínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn, ṣùgbọ́n sísá lásán kọ́, torí kòkòrò á kàn sá sísàlẹ̀ ni. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí koríko gbígbẹ sílẹ̀ níbi tí òjìji ò lè dé, kí ilẹ̀ má bàa fa ooru lọ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e. Ẹ da ẹ̀wà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju ìka méjì lọ. Ẹ wá fi ọ̀rá funfun tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká kí atẹ́gùn má ráàyè wọlé. Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, abẹ́ ọ̀rá yẹn á gbóná kọjá ohun tí kòkòrò lè fara dà. Tí ooru bá ti dé 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí kan ti tó láti pa ẹyin, ìdin àti kòkòrò pọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ tó wákàtí méjì kó dá yín lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú ohunkóhun, kó má bàa làágùn nínú ike.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba atẹ́gùn lọ́wọ́ èyí tó bá ṣẹ́kù. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Àwọn onímọ̀ Purdue University ní Amẹ́ríkà àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò tí a mọ̀ ló wà níta. A máa so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lọ́tọ̀, ká fún un pa. Kòkòrò tó wà nínú á mí atẹ́gùn ibẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, á gbẹ kú. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí àpò náà, kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ẹ ṣáà kún un dé ẹnu, kí àyè má ṣẹ́kù lókè.

Bàbá Ẹlẹ́wà

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tiwa náà. Ẹni tó kó ẹ̀wà lọ́pọ̀ láti òkè Ọya, tó fi owó àjọ rà á, kò lè máa tẹ́ àádọ́ta àpò sóòrùn. Kòkòrò lè jẹ gbogbo owó ẹni láàárín oṣù méjì. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo ota-pia-pia nìyẹn. Ẹ̀yìn àpò làwọn mìíràn ń fọ́n ọn sí, wọn ò dà á sínú ẹ̀wà. Ṣé ìyẹn náà burú ni?

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ajé o. Mo mọ̀ pé àdánù ń bani nínú jẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ó burú. Àpò yẹn ní ihò, oògùn náà sì ń di èéfín, ó ń wọlé. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn olómi tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀. Iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti ènìyàn bákan náà. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀, ti mìlílítà 100, lọ́jà mọ́. Ìyá Ìbejì, òwú tí wọ́n ní kí ẹ rẹ sínú oògùn yẹn, ẹ má dán an wò láé. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sè é. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ iye tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀wà.

Èyí tó tún ń já mi láyà jù ni oògùn oníhóró tí wọ́n ń jù sáàárín ọkà. Tí ọ̀rinrin bá kàn án, afẹ́fẹ́ olóró ló ń tú jáde, ẹni tó bá sùn sí yàrá tí irú àpò bẹ́ẹ̀ wà lè má jí. Kò sí oògùn tó ń wo májèlé yẹn sàn. Inú ilé ìkẹ́rù tí wọ́n dí pa ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti ń lò ó, kì í ṣe nǹkan inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá jẹun tán tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí èémí rẹ̀ ń há, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má fipá mú un bì. Tí ẹ bá rí ìgò tàbí páálí oògùn náà, ẹ mú un dání.

Àǹtí Peckham

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yìí kàn wá lókè òkun náà. Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí dichlorvos yìí kan náà. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ni 0.01 mìlígíráàmù nínú kìló kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa wà láàárín 0.03 sí 4.6. Àgbẹ̀ tí kò fọwọ́ kan oògùn rí pàdánù ọjà nítorí ẹ̀, ó sì dùn mí gan-an.

Fún ẹni tó bá ní firíisà tí iná rẹ̀ kì í lọ: ẹ di ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ẹ fi síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn.

Màmá Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ mi, eérú igi là ń lò nílé wa. Ẹ ku eérú náà dáadáa, kó má ku ẹ̀ṣẹ́ iná kankan, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà nínú ìkòkò, ẹ tún da òmíràn bo ojú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ fọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Màmá, ẹ ṣeun o, ẹ ó jẹun ọmọ. Àwọn kan tún sọ fún mi pé kí n kó ata gbígbẹ sí i. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn

Òótọ́ ni Màmá sọ, eérú ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀, kó lè dí gbogbo àlàfo tí kòkòrò ń gbà rìn. Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò kan ò lè ṣe nǹkan kan. Ata gbígbẹ tí a kó sójú àpò kì í dé ọ̀dọ̀ ìdin tó wà nínú ẹ̀wà. Mi ò ní fi ẹ̀wà tèmi lé e lọ́wọ́.

Bàbá Ẹlẹ́wà, tiyín kò ṣòro tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ̀wà tó máa pẹ́ nílẹ̀ ni kí ẹ dì sínú àpò onípele mẹ́ta náà, ẹ má tú u títí ẹ ó fi ṣe tán láti tà á. Èyí tí ẹ ń wọ̀n lójoojúmọ́ ni kó wà nínú abọ́. Bí ọ̀rá inú rẹ̀ ò bá ya, ẹ lè tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún eku, torí ihò kékeré kan ti tó láti bà á jẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́wà

Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Màá bá àwọn ẹgbẹ́ wa lọ́jà sọ ọ́, ká wò ó bóyá a lè jọ rà á lọ́pọ̀ kó rọjú.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí mo fi gbé epo pupa wà nílé. Ṣé mo lè lò ó? Báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé ẹ̀wà náà gbẹ tó kí n tó dé e pa?

Alákàrà Òṣogbo

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa ṣeé lò. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn epo á fi lọ, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ pátápátá. Èyí tó ti gbé kẹrosíìnì, bẹntiróò tàbí oògùn oko rí, ẹ má fi oúnjẹ sí i.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn

Iyọ̀ ni ẹ máa fi dán gbígbẹ rẹ̀ wò. Ẹ wá ìgò gbígbẹ tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sí i, ẹ da iyọ̀ tó gbẹ, ṣíbí kan, lé e, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un mì. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin ṣì wà, ẹ tún un sá. Bó bá bọ́ sílẹ̀ gbuurugbu tí ara ìgò mọ́, ẹ̀wà ti gbẹ. Eyín náà ń sọ ọ́: ẹ̀wà tó gbẹ á sán kẹ́ lẹ́nu, èyí tó tutù á kàn rún.

Ẹ má máa ṣí kẹ́ẹ̀gì ńlá lemọ́lemọ́, torí bí ẹ bá ṣe ń ṣí i ni atẹ́gùn ń padà wọlé. Ẹ bu èyí tí ẹ máa jẹ lóṣù àkọ́kọ́ sínú àwọn ìgò ike kéékèèké, kí kẹ́ẹ̀gì wà ní dídé fún oṣù kan ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ìyá tí a jọ ra ẹ̀wà ti ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi, ó ní òun náà ò ra oògùn mọ́. A ti yá ọ̀rá funfun lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sá ẹ̀gẹ́. Tí oòrùn bá yọ lọ́la, iwájú ilé wọn la máa tẹ́ ẹ sí, torí ibẹ̀ ni òjìji ò dé.

Alákàrà Òṣogbo

Ẹ fi ọmọdé kan ṣọ́ ọ o, nítorí ewúrẹ́.