Báwo ni mo ṣe lè mú kí pákó dúró lójú kan nígbà tí mo bá ń lẹ̀ wọ́n pọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, láti Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìrànlọ́wọ́ yín ni mo sì ń fẹ́. Pákó ìrókò márùn-ún ni mo fẹ́ lẹ̀ pọ̀ láti fi ṣe ojú tábìlì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì nípọn ní íńṣì 1. Mo ti fá etí wọn títí tí n kò fi rí ìmọ́lẹ̀ láàrin wọn mọ́, ṣùgbọ́n kété tí mo bá ti fi gọ́ọ̀mù sí i, tí mo sì ń yí kíláǹpù (irin tí a fi ń fún pákó pọ̀) le, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀: ọ̀kan á gòkè, èkejì á rì. Nígbà àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ náà tó mìlímítà 3, bí mo bá sì fá gbogbo rẹ̀ dọ́gba, pákó yóò fẹ́lẹ́ jù (owó ìrókò kò sì ṣeé fẹnu sọ).

Ẹnìkan gbà mí níyànjú pé kí n fi igi títọ́ tí mo ti fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé dábùú wọn lókè àti nísàlẹ̀, kí n fún un pọ̀ kí n tó yí kíláǹpù gígùn le. Ṣé èyí nìkan tó, àbí kí n lu ihò, kí n sì ki èèkàn igi bọ̀ ọ́? Báwo ni ẹ ṣe ń mú kí ihò pákó méjèèjì dojú kọ ara wọn gan-an láìní ẹ̀rọ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ni, tàbí ní méjì-méjì, nítorí ọyẹ́ ti dé, gọ́ọ̀mù sì ń tètè gbẹ?