Báwo ni a ṣe lè mú kí ẹni tí a yọ eyín rẹ̀ tẹ̀lé ìtọ́ni?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Bí a bá yọ eyín ẹnìkan tán, a óò kìlọ̀ fún un pé kó má ṣan ẹnu, kó má sì mu sìgá, fún wákàtí 24 ó kéré tán. Yóò mi orí pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ni yóò padà wá, tí yóò fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tí ìrora yóò ti dé etí rẹ̀. Bí mo bá wo ihò náà, ẹ̀jẹ̀ dídì kò ní sí níbẹ̀ mọ́, egungun ni yóò hàn. Báwo ni ẹ ṣe ń bá wọn sọ ọ́ tó fi ń wọ̀ wọ́n létí?

Èsì kìíní:
Ẹ kú àforítì. Ìgbà wo lẹ ń sọ ọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga, tí òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì ti jẹ́ kí ètè rẹ̀ kú, kò lè fọkàn sí ọ̀rọ̀. Kí a tó gún un lábẹ́rẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìdí rẹ̀: pé ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò náà ni ó ń bo egungun, bí èépá ṣe ń bo egbò, àti pé omi tàbí itọ́ tí a fi agbára tu lè ṣí i kúrò.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ má sì bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?” nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” ni gbogbo ènìyàn ń dáhùn, ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ padà. Bàbá kan sọ fún mi pé bí òun bá ti délé, òun yóò fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu kí egbò náà lè tètè jinná. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kejì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣàìgbọràn: ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn tó pa gbogbo ìtọ́ni mọ́.

Èsì kẹta:
Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, aláìsàn ni mí. Wọ́n ní kí n máa fọ eyín dé ìdí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ mi, ẹ̀rù bà mí, mo sì yẹra fún ibẹ̀. Kò sí ẹni tó ti sọ fún mi pé ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń mú kí erìgì wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, mo purọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́, nítorí n kò fẹ́ ìbáwí. Dókítà náà kò bá mi wí. Ó fi aró tó ń fi ìdọ̀tí hàn kun eyín mi, ó gbé dígí lé mi lọ́wọ́, mo sì rí ibi tí ó pọ́n. Ó wá di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, a sì jọ fọ ibẹ̀ títí tí ó fi mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọ̀ ọ́ bí ó ti yẹ.