Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: kẹ̀kẹ́, òkè àti ilé olódi ní Dordogne, ilẹ̀ Faransé

Ọláwálé, Sheffield

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Faransé rí ni mo ń bẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Dordogne, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, lọ́dún tó ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni tèmi, Peak District, agbègbè olókè tó wà nítòsí Sheffield, ni mo sì ń gùn lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà òkè kò bà mí lẹ́rù. Ìyàwó mi náà mọ kẹ̀kẹ́ gùn, àmọ́ ìtàn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ wọ inú àwọn ilé olódi, ó fẹ́ rí àwòrán tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ kùn sínú ihò àpáta, kò sì fẹ́ kí n máa sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ibi tí a ti ń jiyàn nìyí. Mo ti ya ọ̀nà kan sórí máàpù: ká gbéra ní Bergerac, ká máa tẹ̀ lé odò Dordogne lọ sókè, ká máa sun ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lálaalẹ́ títí a ó fi dé Rocamadour. Ìyàwó mi ní rárá, ká gba yàrá síbì kan, ká máa jáde láàárọ̀, ká máa padà sílé nírọ̀lẹ́. Èwo lẹ rò pé ó dára jù? Oṣù wo ló yẹ ká lọ? Ṣé awakọ̀ ibẹ̀ máa ń fún oníkẹ̀kẹ́ láyè? Páásípọ̀tù Nàìjíríà sì ni ìyàwó mi ṣì ń lò, èmi ti gba ti Britain.

Ìyá Tósìn, London

Wálé, o kú ètò o. Ìyàwó rẹ ló jàre. Ìlú Sarlat, nítòsí odò Dordogne, ni kí ẹ gba yàrá sí. Tí ẹ bá gbé ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí ìlú tí ẹ ó sùn sì wà níwájú, gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ fẹ́ rí ni ẹ ó máa wò láti ojú ọ̀nà.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe lè rí. Ẹ kúrò ní Sarlat láàárọ̀, ẹ gba Vézac sọ̀kalẹ̀ lọ sí Beynac. Orí àpáta ni ilé olódi yẹn wà, ó fi nǹkan bí 150 mítà ga ju odò lọ, ọ̀nà tó gòkè lọ síbẹ̀ yóò sì tẹ́ ìwọ lọ́rùn. Tí ẹ bá dúró lórí odi rẹ̀, ẹ wo òdìkejì odò: Castelnaud nìyẹn. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń bára wọn jà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ti ọba Faransé ni Beynac ń ṣe, Castelnaud sì wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀tá méjì tí wọ́n ń rí èéfín ìdáná ara wọn láràárọ̀! Lónìí, ohun ìjà àtijọ́ ni wọ́n kó sínú Castelnaud, wọ́n sì tún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ òkúta lu odi kàn, wọ́n gbé wọn síta gbangba.

Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí Milandes. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibí yìí. Josephine Baker, ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní St. Louis ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1906, ló ra ilé ńlá yìí ní 1947. Ijó ló sọ ọ́ di olókìkí ní Paris. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó ṣe amí fún àwọn tó ń bá Hitler jà, lẹ́yìn ogun ó gba ọmọ méjìlá láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ó ń tọ́ wọn pọ̀ ní Milandes bí ọmọ ìyá kan náà. Gbèsè ló gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni Faransé fi í sí Panthéon, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni wọn, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún. Aṣọ ijó rẹ̀ wà níbẹ̀, àmì ẹ̀yẹ ogun rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo rí wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ gba La Roque-Gageac, kí ẹ sì gòkè lọ sí Domme tí agbára bá ṣì kù. Ọba Philippe Kẹta ló ní kí wọ́n tẹ ìlú olódi yẹn dó ní 1281. Láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbogbo àfonífojì odò náà. Gbogbo rẹ̀ kò tó 60 kìlómítà.

Ṣẹ́gun, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Mi ò bá màmá wa jiyàn lórí Sarlat, àmọ́ ẹ má ju máàpù yín nù. Ọ̀nà Bergerac sí Sarlat dùn, pàápàá níbi tí odò ti ṣẹ́po ní Trémolat, àti Limeuil níbi tí odò Vézère ti wọ inú Dordogne. Ẹ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ gùn ún, ẹ sùn ní Limeuil, kí ẹ wá jókòó sí Sarlat fún ìyókù. Ọkọ̀ ojú irin wà láti Sarlat padà sí Bergerac, ó ń gba kẹ̀kẹ́, àmọ́ ààyè kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ẹ tètè dé ibùdókọ̀.

Ní ti òkè, kò sí èyí tó gùn bíi ti Alps. Kúkúrú ni wọ́n, àmọ́ bí ẹ bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kan ni òmíràn yóò máa yọjú, ìyẹn gan-an ló ń tán èèyàn lókun. Ẹ má gbé jíà eré ìje lásán lọ. Jíà iwájú tó kéré jù kó ní eyín 34, ti ẹ̀yìn tó tóbi jù kó ní eyín 32, kí táyà fẹ̀ tó mìlímítà 28, ẹ ó gbádùn ara yín.

Rocamadour jìnnà díẹ̀ sí Sarlat, ó lé ní 50 kìlómítà ní àlọ nìkan, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, parí eré àdáṣe kan sí ní 2022, níbi tí kálukú ti ń dá gùn tí wọ́n sì ń ka àkókò rẹ̀. Wout van Aert, ọmọ Belgium, ló gbà á. Òkè L'Hospitalet tí wọ́n gùn kẹ́yìn jẹ́ kìlómítà kan àbọ̀, ó sì dà sókè ní ìwọ̀n ìdá 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ mú bàtà mìíràn dání o. Àkàsọ̀ 216 ló gòkè lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ mọ́ ara àpáta, bàtà kẹ̀kẹ́ onírin kò ṣeé fi gùn ún.

Ọmọ Kétu, Bordeaux

Ẹ kú oríire. Èmi tí mò ń gbé níbí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ. Ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà. Ohun tó ń dẹ́rù bani fún ẹni tó ti Ìlú Ọba wá ni pé, níbi tí kò bá ti sí àmì, ọkọ̀ tó bá yọ láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ inú kọ̀rọ̀ kékeré ló ti yọ. Ẹ máa dẹ̀rìn nínú abúlé. Òfin ní kí awakọ̀ fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìlú, mítà kan nínú ìlú, ọ̀pọ̀ wọn sì ń pa á mọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí ìkùukùu bá bolẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ẹ̀wù atànmọ́lẹ̀ di dandan.

Ẹ má lọ ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Ojú ọ̀nà tó gba etí odò láàárín Beynac àti La Roque-Gageac tóóró, ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì máa ń kún un. Oṣù karùn-ún, ìkẹfà tàbí ìkẹsàn-án ló dára. Ilé ìtajà abúlé máa ń ti ilẹ̀kùn láti ọ̀sán títí di aago méjì, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, nítorí náà ẹ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Tí omi bá tán, ẹ wá itẹ́ òkú abúlé, ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó mu: tí wọ́n bá kọ “non potable” sí i, kò ṣeé mu. Ọjọ́rú àti Sátidé ni ọjà Sarlat. Ẹ ra àwùsá òyìnbó wọn, ó gbajúmọ̀ púpọ̀.

Adùkẹ́, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ físà ìyàwó yín ní kíá. Ìwé ìgbélùú Britain kò gbà á wọ ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, tí Faransé wà lára wọn, pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Britain kò sì yọ ọ́ kúrò nínú gbígba físà mọ́. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ tó dín sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Wọ́n máa béèrè ibi tí ẹ ó sùn àti ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 Yúrò. Yàrá kan ṣoṣo ní Sarlat tún mú ìyẹn rọrùn.

Ní ti ihò àpáta, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ló ṣàwárí Lascaux ní 1940, wọ́n sì tì í ní 1963 nítorí pé èémí àwọn tó ń wò ó ti ń ba àwòrán náà jẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2016 ní Montignac ni ẹ ó wọ̀, ó dára gan-an. Àmọ́ tí ìyàwó yín bá fẹ́ rí ojúlówó, Font-de-Gaume ní Les Eyzies ni kó lọ. Àwọn akọ màlúù ìgbẹ́ tí wọ́n kùn sára ògiri ṣì wà níbẹ̀ ní àwọ̀ wọn. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́, ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọláwálé, Sheffield

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ka èsì yín sí ìyàwó mi létí, ó ní kí n kí Ìyá Tósìn ní àkànṣe, Milandes ló sì ní ká kọ́kọ́ dé. A ó ṣe bí Ṣẹ́gun ṣe wí, ìparí oṣù karùn-ún ni a ó lọ. Ohun kan ló kù. Ìyàwó mi fẹ́ lo kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kó lè bá mi gun Domme. Ṣé a lè gbé e wọ bàálù?

Ṣẹ́gun, Leeds

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bátìrì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní wọ bàálù. Ẹ yá a ní Sarlat. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó bá yín gun kẹ̀kẹ́ lásán láti Bergerac, etí odò ni, ó tẹ́jú púpọ̀. Ẹ kàn pe ilé tó ń yá kẹ̀kẹ́ ṣáájú, kí ẹ sọ bí ìyàwó yín ṣe ga tó, kí wọ́n lè bá a fi èyí tó bá a mu pamọ́.