Ilẹ̀ wo ló wà lójú ọ̀sà? Lórí orúkọ tó yẹ ẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn rìwáyà, àwọn oníṣẹ́ iná tó ń tún ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀ ojú omi ṣe, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà dúdú tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ní "ilẹ̀ iná". Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un: ilẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wọ ìwé.

Wáyà dúdú tó ti orí bátìrì lọ sára irin ẹ́ńjìnì kò kan ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kan omi. Iná jáde lójú pọ́sítíìfù, ó gba inú wáyà pupa débi iṣẹ́, ó wá ń wá ọ̀nà padà sí bátìrì. Bí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní jáde rárá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí á pe pupa ní "wáyà àlọ", kí á pe dúdú ní "wáyà àbọ̀".

Mi ò sọ ọ́ torí pé ó dùn létí. Orúkọ ló ń tọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wá àrùn. Ní èbúté Ìpákodò ní Ìkòròdú, mo dúró ti àwọn ọmọ iṣẹ́ kan nídìí ẹ́ńjìnì tí kò dáhùn. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, à ń gbọ́ "kẹ́, kẹ́" lẹ́bàá sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnì dìde, sítátà ò yí. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, pàbó. Wọ́n tú sítátà, wọ́n dè é padà, pàbó. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àlọ nìkan ni wọ́n ń tọ̀. Ìgbà tí ọ̀gá wọn dé, ó mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kan ojú négétíìfù bátìrì, ó fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnì, ó ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Fóòtì iná tí mítà kà, tí kò yẹ kó ju nǹkan bíi 0.5 lọ, ti lé ní 3: ìdènà wà lójú àbọ̀. Nọ́ọ̀tì tó di wáyà dúdú mú ti dípẹtà, iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n dì í padà, ẹ́ńjìnì dáhùn. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé "ilẹ̀ ò dáa", ibo ni kó wò? Ẹ sọ pé "àbọ̀ ti dí", yóò mọ ibi tí yóò gbà.

Ẹ́ẹ̀tì iná ilé yàtọ̀. Wọ́n ń ri irin mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ààbò ni wáyà tó so mọ́ ọn wà fún. Ẹ jẹ́ kí "ilẹ̀" jẹ́ tirẹ̀.

Ẹnìkan á ní àbọ̀ náà ni ìdajì, ohùn wọn kò sì yàtọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ "owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀" tó ń rò pé ìdajì owó ni? Àlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti là á yé wa.

Mi ò tún fara mọ́ "iná kúkúrú" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò bírìjì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "short circuit". Iná ò kúrú. Ńṣe ni àlọ pàdé àbọ̀ lọ́nà, kó tó débi iṣẹ́. Ẹ wo okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń lo bíréènì bọ́ọ̀sì, àpótí kékeré tó ń darí iná lọ sí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì, bí okùn yẹn bá já kúrò lára súìṣì rẹ̀, súìṣì náà á so wáyà bọ́ọ̀sì náà mọ́ irin ẹ́ńjìnì, iná tó yẹ kó dé púlọ́ọ̀gì á gba àbọ̀ lọ, ẹ́ńjìnì á kú. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìpàdé yẹn ni. Bí wáyà kan náà bá bó lára, tó ń kan irin, púlọ́ọ̀gì ò ní ta iná mọ́, bátìrì ì báà kún. Ẹni tó bá yọ wáyà súìṣì yẹn lẹ́nu bọ́ọ̀sì, tó rí i pé púlọ́ọ̀gì tún ń ta iná, ti mọ̀ pé ìdí súìṣì tàbí wáyà rẹ̀ ni àrùn wà. "Àlọ-pàdé-àbọ̀" ni mo fẹ́ kí á kọ sílẹ̀ fún un.

Ní ti páṣà kọ́ńtáàtì, ìyẹn kí ojú wáyà má kanra dáadáa, "kò mú dáadáa" tí àwọn rìwáyà ń sọ tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.